Àjà Tí Kò Dé Fìlà

Fèrèsé yàrá wa ní Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí o bá na ọwọ́ jáde, ògiri ni wàá fọwọ́ kàn. Níbẹ̀ la tẹ́ ẹní ìyá ọkọ mi sí nígbà tí rọpárọsẹ̀ mú wọn, tí ọmọ wọn lọ gbé wọn wá láti Òkè Ògùn kí àwọn dókítà Èkó lè wò wọ́n. Àwọn dókítà ṣe ìwọ̀n tí wọ́n lè ṣe. Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ń ṣiṣẹ́, ẹnu wọn náà ń ṣiṣẹ́, àní ó ń ṣe ófátáìmù, àmọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì kọ̀ jálẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, èmi àti obìnrin yìí kò rẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Èmi kì í gbà, àwọn náà kì í gbà. Onígbàgbọ́ ni mí, Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Iyọ̀ ọbẹ̀ ni. Bí mo bá fi iyọ̀ sí i, wọ́n á ní mo fẹ́ pa àwọn. Bí n kò bá fi sí i, wọ́n á bi mí bóyá ìjọba ti fòfin de iyọ̀ l'Ékòó. Ọkọ mi á jókòó sáàárín wa, á máa jẹun, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Iṣẹ́ ẹrù ọkọ̀ òkun ló ń ṣe ní wọ́ọ̀fù Àpápá, tó bá dé nírọ̀lẹ́ kì í ní agbára ẹjọ́ obìnrin méjì.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Ìyá kì í fi ṣàwàdà. Ọ̀rọ̀ oṣù ni. Nílùú wọn, àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé. Tí ààwẹ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bá fẹ́ parí, ọkọ wọn á gun àpáta náà nírọ̀lẹ́ láti wo oṣù fún gbogbo àdúgbò, àwọn náà á tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọkọ wọn kú, àwọn fúnra wọn ló ń gùn ún. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́njú mọ ààwẹ̀, ojú ara wọn ni wọ́n fi ń rí oṣù. Ní Boundary, ariwo ni wọ́n ń gbọ́ láti kọ́rídọ̀ pé wọ́n ti rí i. A gbìyànjú ẹ̀, a gbé wọn jáde sí ojúde, ṣùgbọ́n oṣù tuntun kì í ga, ìsàlẹ̀ sánmà ló máa ń wà, kì í sì í pẹ́ wọ̀. Òrùlé àwọn aládùúgbò ló bò ó mọ́ wa lójú.

"Ẹ̀yin lẹ rí i," Ìyá á wí. "Èmi gbọ́ ni."

Wọn ò ní jẹun kúnnú lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún kejì tí èyí ṣẹlẹ̀, wọ́n pe ọmọ wọn jókòó. Wọ́n ní, "N kò bẹ̀ ọ́ fún aṣọ, n kò bẹ̀ ọ́ fún Mẹ́kà. Ṣáà jẹ́ kí n fojú ara mi rí oṣù ààwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ." Ilẹ̀ ni ọkọ mi ń wò, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Àsìkò yẹn ni ìjọ wa dá kíláàsì Bíbélì sílẹ̀ fún àwa obìnrin. Olùkọ́ wa, géńdé kan tí kò tíì gbéyàwó, ní àwòrán ńlá kan tó ń gbé kọ́ sára ògiri. Kì í ṣe ààfin ọba ló wà nínú rẹ̀ o, ilé mẹ̀kúnnù ni. Ó ní kí a má rò pé inú wúrà ni gbogbo ará ìgbà Bíbélì ń gbé. Ó ní amọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé bíi ti àwọn bàbá wa. Wọ́n á gé koríko gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó, wọ́n á kì í sínú pákó onígun mẹ́rin, wọ́n á sá a sóòrùn títí á fi le. Yàrá kan náà ni bàbá, ìyá, ọmọ àti ewúrẹ́ jọ ń sùn, ewúrẹ́ ní ìsàlẹ̀, èèyàn lórí pèpéle. Fèrèsé wọn kéré, òkè ló sì máa ń wà.

Ṣùgbọ́n òrùlé wọn ló yà wá lẹ́nu. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á na igi láti ògiri dé ògiri, wọ́n á tẹ́ esùsú àti ẹ̀ka igi lé e, wọ́n á wá bu amọ̀ lé gbogbo rẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dan-in dan-in. Tí òjò bá rọ̀ sí i, wọ́n á yí òkúta róbótó lórí rẹ̀ kí ó tún lè kì. Àtẹ̀gùn wà níta, lára ògiri, tó lọ tààrà sókè. Orí ilé yẹn ni wọ́n ti ń sá nǹkan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba atẹ́gùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbàdúrà. Òfin wọn tilẹ̀ ni pé kí onílé mọ odi kékeré yí etí rẹ̀ ká kí ọmọ ẹlòmíràn má bàa já bọ́.

Ọjọ́ tó sọ ìtàn arọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá òrùlé onílé lu, tí wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ síwájú Jésù, ìyá onílé kan láàárín wa dìde dúró. "Olùkọ́," ó ní, "ìwòsàn dára, mo gbà. Àmọ́ ta ló tún òrùlé yẹn ṣe?" Olùkọ́ ní Bíbélì ò sọ. Ìyá onílé ní òun mọ̀ pé kò ní sọ, nítorí ayálégbé ló máa ń pọ̀ nínú ìtàn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa.

Tí mo bá ti dé láti kíláàsì, màá jókòó ti Ìyá, màá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Èmi náà ò mọ ohun tó mú mi bẹ̀rẹ̀. Bóyá torí pé ògiri ni wọ́n ń wò látàárọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n á máa dá sí i, torí ọmọ ilé alámọ̀ ni wọ́n, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ pò ó rí. Nígbà tí mo dórí ọ̀rọ̀ òrùlé, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

"Àjà ni wọ́n kọ́ yẹn," Ìyá wí. "Àwa náà ń kọ́ ọ nílé. Igi nísàlẹ̀, amọ̀ lókè, ibẹ̀ là ń kó àgbàdo sí. Ṣùgbọ́n àwa á tún fi koríko bo orí rẹ̀. Tiwọn ò dé fìlà. Ṣé òjò kì í rọ̀ lọ́hùn-ún ni?"

Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá olùkọ́. Ó ní òjò ń rọ̀ dáadáa, ṣebí Bíbélì sọ̀rọ̀ àkọ́rọ̀, ó sọ̀rọ̀ àrọ̀kúrò. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ìyá bó ṣe rán mi, ọkàn wọn sì balẹ̀. Àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò, òjò wa náà kọ́ nìyẹn? Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó béèrè bí èyí tó ń rọ̀ láàárín méjèèjì ṣe pọ̀ tó lọ́dọ̀ wọn. Tiwa, ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọkọ mi ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí a ń sọ eléyìí. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹ ní wọ́n ń jókòó sórí ilé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àtẹ̀gùn sì wà níta?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹun. Kò jẹun mọ́.

Ó ti ra ilẹ̀ kékeré kan nínú Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilé ò tíì pọ̀, lápá ibi tí o ti lè máa wo ọ̀nà Kirikiri. Mo pè é ní ilẹ̀, àbàtà ni. Èérún igi láti sọ́míìlì la fi ń dí i, a ó bu yanrìn lé e, òjò á dé, omi á gbé ìdajì lọ, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún Ìyá pé nínú Bíbélì, ọlọ́gbọ́n kọ́lé sórí àpáta, òmùgọ̀ kọ́ tirẹ̀ sórí yanrìn. Wọ́n fi ọwọ́ wọn tó dá bo ẹnu. "Èmi tí mo kúrò lórí àpáta wá sórí èérún igi, kí ni Bíbélì yín pe tèmi?"

Búlọ́ọ̀kù la fi mọ ògiri, yàrá méjì àti pálọ̀ kékeré. Igi òrùlé, pákó tó nípọn tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ẹrù nínú ọkọ̀ òkun ni ọkọ mi rà jọ lẹ́nu géètì wọ́ọ̀fù. Oríṣiríṣi igi ló wà níbẹ̀, òmíràn ṣì ní ìkọ̀wé òyìnbó lára. Dípò esùsú, imọ̀ ọ̀pẹ la tẹ́ lé e. Amọ̀ náà, èmi àti àwọn ìyàwó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ la fi ẹsẹ̀ pò ó. Ìyá jókòó sórí àga lábẹ́ igi, wọ́n ń pàṣẹ. "Omi ti pọ̀ jù. Ìwọ, gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè, ijó kọ́ là ń jó." Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ń pa mí, ẹrẹ̀ dé orókún mi.

Káfíńtà wa, ọmọ ẹ̀yà Ìjọ, dúró nísàlẹ̀, ó ń wo òkè. Ó ní, "Oga, rain go enter." Ọkọ mi dá a lóhùn pé òjò tó rọ̀ sórí ilé àwọn wòlíì náà kò wọlé. Káfíńtà wò mí, èmi náà wò ó. Ó gbé ayùn rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní ilé tí kò parí ni, wọ́n ní bóyá owó páànù ló tán. Ọkọ mi ò bìkítà. Ó mọ odi kékeré yí etí rẹ̀ ká, ó mọ àtẹ̀gùn sára ògiri níta, ó sì jẹ́ kí ó fẹ̀ kí èèyàn méjì lè gbé àga gùn ún.

Àwa àti àwọn ọmọ wa kó wọlé lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé nígbà náà, ààwẹ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ parí. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí oṣù ìtúnu, mẹ́rin nínú àwọn tí àwọn àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ wá. Wọ́n fi ọ̀já mi de Ìyá mọ́ àga. Àwọn tó ń gbé ẹrù ọkọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ ni, síbẹ̀ wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má sọ mí bí ẹ ṣe ń sọ àpò sìmẹ́ńtì," Ìyá wí.

Mo rántí arọ inú Bíbélì. Àwọn ọ̀rẹ́ tirẹ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ gba òrùlé, àwa ń gbé tiwa gòkè lọ bá òrùlé. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n mo dì í mú, torí pé bí ẹsẹ̀ ẹnì kan bá yọ̀, ó tán.

Wọ́n gbé wọn kalẹ̀. Ìyá ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Lápá Àpápá, kireni wọ́ọ̀fù dúró gbọnrangandan, ọkọ̀ òkun tò lẹ́yìn wọn. Lápá Kirikiri, igi ọ̀pẹ àti àbàtà, oòrùn sì ń lọ sísàlẹ̀, ó pọ́n. Atẹ́gùn ń fẹ́ gèlè wọn. Wọ́n mí kanlẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ mímí obìnrin yẹn, n kò gbọ́ irú èyí rí.

Oòrùn wọ̀. Gbogbo wa ń wò. Àwọn géńdé ń na ìka síbí, wọ́n ń na ìka sọ́hùn-ún, kúrukùru ọyẹ́ ń tan wọ́n jẹ. Ìyá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè pẹ̀lẹ́.

"Òun nìyẹn."

A ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí a wo òkè ọ̀pẹ tó tẹ̀ yẹn, kí a yà sósì díẹ̀. Ó pẹ́ kí ojú mi tó mú un, tín-ín-rín, bí èékánná ọmọ ọwọ́. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní gbogbo àdúgbò wa. Ọkọ mi lọ sí etí odi, ó ké sí ìsàlẹ̀ pé ìyá òun ti rí oṣù. Nígbà tó fi máa padà sọ́dọ̀ wa, omi ti gba ojú rẹ̀. Ìyá ń ṣe alihamudulilahi lábẹ́ ohùn. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹ ṣeun. Kíláàsì yín dára." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ẹ̀yin pè mí láyé wọn nìyẹn.

Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn la fi gbé wọn gòkè nírọ̀lẹ́. Mo ń sá ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń lé adìyẹ. Bí mo bá ní kí n sọ ìgbà tí ayé mi dùn jù, ẹ má wá a lọ síbòmíràn.

Àkọ́rọ̀ dé, kò ṣe wá ní nǹkan kan. Ọkọ mi ń yan kiri. Ó ní kí n lọ pe káfíńtà wá wò ó. Òjò kejì dé, òjò kẹta dé, koríko hù lórí ilé wa. Nígbà tó yá, òjò ò dá mọ́, ẹ mọ òjò Èkó. Omi pupa ń kán sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kán sínú ìkòkò. Mo gbé abọ́ síbí, mo gbé bàsíà sọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ń sùn lábẹ́ tábìlì. Ọkọ mi bu yanrìn sínú dúrọ́ọ̀mù epo, ó dí ẹnu rẹ̀, ó gbé e gòkè, ó ń yí i lórí amọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ṣe ní wọ́n ń yí òkúta. Nínú òjò! Mo dúró nísàlẹ̀, mo ń bú u. Mo ní orí rẹ̀ ti yí ju dúrọ́ọ̀mù lọ. Mo ní kó ra páànù.

Ó yọjú láti etí odi, omi ń ṣàn lójú rẹ̀. "Tí mo bá fi páànù bò ó, níbo ni Ìyá á ti rí oṣù?"

Mo wọlé lọ bá Ìyá.

Ìyá ti ń gbọ́ wa láti inú yàrá. Wọ́n ké pe ọmọ wọn, ohùn wọn ò tiẹ̀ ga. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wọlé tọ̀ wọ́n lọ, ó dúró níwájú wọn bí ọmọdé tí òjò pa. Aṣọ ìbora Ìyá tutù lẹ́bàá ẹsẹ̀.

"Mo bẹ̀ ọ́ fún ẹ̀ẹ̀kan," wọ́n wí. "O ti fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ń sùn sínú omi. Lọ dé e ní fìlà."

Ó kúnlẹ̀, ó gbé orí lé etí bẹ́ẹ̀dì. Mo jáde sí pálọ̀, mo lọ da omi bàsíà nù.

Káfíńtà wá kan páànù. Ó kó odi kékeré kúrò, ó kó amọ̀ sọ̀kalẹ̀, kò sọ pé ṣebí mo wí. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ò jẹ́ kí ó wó àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn wà lára ògiri, ó gòkè, kò débì kan. Àwọn ọmọ àdúgbò ń bi wá bóyá àtẹ̀gùn ọ̀run ni. Ọkọ mi kàn fẹ pèpéle orí rẹ̀ díẹ̀ sí i.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún náà fẹ́ parí, a gbé Ìyá lọ síbẹ̀. Pèpéle náà ò gba àga. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ti àyà mi, mo fọwọ́ gbá wọn mú. Wọ́n ti fúyẹ́. Àrọ̀kúrò ò tíì parí, ìkùukùu bo gbogbo apá Kirikiri. A wò títí, ojú wa ń ro wá. Ilẹ̀ ṣú. Láti ìsàlẹ̀, ẹnì kan ké pé rédíò ti kéde, wọ́n ti rí i lókè Ọya.

Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ ò rí i."

"Ta ló ní n ò rí i?" wọ́n wí. "Ti èṣí ṣì wà lójú mi." Wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé wọn sọ̀kalẹ̀ kíákíá. A jókòó bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ mímí wọn lára àyà mi.

Ìyá ò dúró de ọ̀gbẹlẹ̀ kó parí, wọ́n ti papòdà. Ọkọ mi náà ti lọ tipẹ́. Àwọn kan ra ilé yẹn lọ́wọ́ wa, wọ́n wó o, tírélà ló ń sùn síbẹ̀ báyìí. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mo wà, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà méjì kan. Orókún mi ò gbà mí gòkè mọ́. Dẹ́kìn, òrùlé kọnkéré, ló wà lórí ilé náà, pẹrẹsẹ, bíi ti àwòrán olùkọ́, pẹ̀lú odi yí i ká, táńkì omi ló kún ibẹ̀. Fèrèsé mi kọjú sí ògiri.

Onígbàgbọ́ ni mí o, n kì í gba ààwẹ̀ Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n bá pariwo oṣù ní àdúgbò, ọmọ mi á yọjú, á ní, "Màámi, wọ́n ti rí i o." Màá ní mo ti gbọ́. Lẹ́yìn náà màá fa ìrọ̀rí mọ́ àyà, níbi tí ẹ̀yìn Ìyá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn lórí àtẹ̀gùn, màá sì gbá a mú.